Ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni àbí wàhálà Èkó?

AdùnniMòwé:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ibi tí mo máa ń so ìró mọ́ yẹn gan-an. Mi ò ṣubú o, mi ò gbé nǹkan kan tó wúwo, ó kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá bí eré bí eré, mo sì ń sọ pé á lọ. Àárọ̀ ló máa ń le jù, tí n bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì màá kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ná kí n tó lè gbéra, tó bá wá di alẹ́ tí mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí, ó tún dé nìyẹn.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe ní Victoria Island, Mòwé la sì ń gbé. Ògbà la wà tẹ́lẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ló fowó lé owó ilé débi tí apá wa ò ká a mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà Mòwé sí VI, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mo ti wà lójú títì, ojú oorun ni mo máa ń fi àwọn ọmọ sí, ìyá ọkọ mi ló ń mú wọn lọ síléèwé. Nínú dánfó yẹn, ìjókòó onírin tí wọ́n fi fóòmù tín-ín-rín bò, àwa mẹ́rin lórí ìlà kan, orúnkún mi ti kan irin tó wà níwájú, mi ò lè yí sọ́tùn-ún mi ò lè yí sósì. Tá a bá wá kó sí kòtò báyìí, ó máa ń ta mí láti ìdí dé àyà. Alẹ́ ló burú jù, tá a bá ti fi Bágà sílẹ̀ ọkọ̀ ò ní lọ mọ́, títí dé Kàrá. Mo lè wọlé láago mẹ́sàn-án, mo lè wọlé láago mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni mo máa wá fa omi nínú kànga, màá se oúnjẹ ọjọ́ kejì, màá wo iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ níléèwé. Sátidé aṣọ fífọ̀ àti ọjà, Sọ́ńdè ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mo fẹ́ràn nǹkan dídùn jù, wọ́n ti ra àgbo inú ike wálé. Bọ̀dá tó ni kẹ́míìsì lẹ́nu ọ̀nà wa gún mi lábẹ́rẹ́, ó tún di oògùn aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú nylon kékeré kan fún mi, ara tù mí fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà wá. Ọkọ mi ní fóòmù wa ló ti rọ̀ jù, ká lọ ra èyí tó le gan-an, ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí kẹ́ ẹ tó dá sí i. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ ya X-ray, pé eegun ẹ̀yìn mi ti ń jẹ. Lọ́fíìsì ńkọ́, ọ̀gá mi ní ṣé èmi nìkan ni mò ń jókòó ni, pé ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú.

Èwo nínú gbogbo ẹ̀ ni kí n dì mú? Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí o, mi ò tíì darúgbó.

BàbáOlóyè_Ẹ̀gbá:

Ọmọ mi, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kí la fẹ́ máa jiyàn lé lórí? Gàrí pẹ̀lú ṣúgà, mílíìkì, búrẹ́dì, mínírà lójoojúmọ́. Nígbà tiwa a ò mọ ṣúgà bẹ́ẹ̀, ìdájí la ti ń lọ sóko tí oòrùn á fi wọ̀, ta lẹ gbọ́ tó ní ẹ̀yìn ń dun òun? Lo àgbo tí ìyá ọkọ rẹ rà, kó o sì dín dídùn kù. Gbogbo nǹkan kọ́ ni dókítà.

FísíòÌbàdàn:

Ẹ kú alẹ́ àǹtí Adùnni. Fisiotẹ́rápì niṣẹ́ mi, ìyẹn ká máa fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti eegun, ẹ̀yìn dídùn la fi ń ṣílẹ̀kùn òun náà la fi ń tì í ní kíníìkì wa. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ dá mi lóhùn ná: ṣé ìtọ̀ yín àti ìgbẹ́ yín ṣì ń ṣe déédéé, ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára tó bá ń bọ̀? Ṣé abẹ́ yín ò kú tipiri, ibi téèyàn fi ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ yẹn? Ṣé ẹsẹ̀ kankan ò máa wọ́ nílẹ̀? Ṣé ẹ ò ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, àbí kẹ́ ẹ máa làágùn lóru, àbí kẹ́ ẹ kàn máa rù ṣáá? Ṣé ẹ ò ní ikọ́ ife rí, àbí jẹjẹrẹ? Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, pàápàá ti ìtọ̀ àti abẹ́ tó kú yẹn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ikọ́ ife máa ń wọnú eegun ẹ̀yìn, a ṣì ń rí i ní Nàìjíríà yìí dáadáa, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi ń lo oògùn ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì tó fẹ́ wò ó.

Tí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé a ò lè nàka sí eegun kan tàbí iṣan kan pé òun ló fà á. Kì í ṣe pé wọ́n ń díbọ́n o, ìrora náà wà níbẹ̀ kedere, àmọ́ nǹkan púpọ̀ ló kóra jọ tó ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ní in lágbàáyé lọ́dún 2020, wọ́n sì rò pé á tó mílíọ̀nù 843 tó bá máa fi di 2050, torí náà ẹ̀yin nìkan kọ́.

Bàbá Olóyè, ẹ má bínú sí mi sà. Ṣúgà kì í lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìdí tó ń yọ tí wọ́n ń pè ní jẹ̀dí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹnu ihò ìdí ló wú, ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè máa yúnni, kì í ṣe òun ló ń mú kéèyàn má lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ibi tọ́rọ̀ wa ti pàdé ni pé tí dídùn bá mú èèyàn sanra jù, ara tó sanra jù wà lára ohun tó ń dá kún ẹ̀yìn dídùn, sìgá mímu náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ àgbo inú ike yẹn ń kọ mí lóminú, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọtí líle ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tára fi ń tuni lálẹ́ tó bá ti wọlé tán. Ẹ tún ní kò sẹ́ni tẹ́yìn ń dùn nígbà tiyín, sà, àwọn bàbá tó ń fọwọ́ ti ìbàdí tí wọ́n bá ti oko dé, tọ́mọ ọmọ á gun ẹ̀yìn fún wọn kó bá wọn fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ló ń ṣe wọ́n?

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí mo rí nínú àlàyé àǹtí. Ìjókòó ọ́fíìsì kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí, oorun ni. Ẹni tó wọlé láago mẹ́wàá alẹ́ tó tún jáde láago mẹ́rin ààbọ̀, tó tún dáná láàárín méjèèjì, ìgbà wo ló sùn? Àìsùn máa ń jẹ́ kára tètè mọ ìrora, ìrora náà á wá lé oorun tó kù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àníyàn, owó ilé, ọmọ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lójú oorun, ọ̀gá tó ń pè yín lọ́lẹ. Ẹ lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Wọ́n ṣe ìwádìí kan láàárín òṣìṣẹ́ Boeing, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú l'Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1991. Àwọn tó sọ pé iṣẹ́ wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ àwọn, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi ju àwọn tíṣẹ́ dùn mọ́ lọ nínú kí wọ́n wá sọ pé àwọn ní ìṣòro ẹ̀yìn. Ọ̀gá ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni o, àmọ́ ẹni tó dira pọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ torí pé ó ń retí èébú, ìrora kì í tètè kúrò lára ẹ̀.

Dánfó yẹn náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbọnni jìgìjìgì fún wákàtí gbọọrọ lójoojúmọ́, ara àwọn dẹ́rẹ́bà la ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jù. Ti pé èèyàn jókòó kò fi bẹ́ẹ̀ burú, kéèyàn jókòó síbi tí kò ti lè mira ni wàhálà.

X-ray, ẹ fowó yín sápò ná. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wo ẹ̀yìn àwọn ẹni àádọ́ta ọdún tí nǹkan kan ò dùn, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni àwọn àwo tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Ewú tó hù sínú ni, kò yàtọ̀ sí ti orí. Ẹni tí wọ́n bá wá fi fíìmù ẹ̀ hàn tí wọ́n ní "eegun ẹ ti jẹ", ẹ̀rù á bà á, kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò ní fẹ́ rìn mọ́, ara á gan, òun gan-an ló wá ń sọ ẹlòmíì di aláìsàn. Fóòmù ńkọ́? Ní Spain lọ́dún 2003 wọ́n pín èèyàn 313 sọ́nà méjì, apá kan sùn lórí èyí tó le gan-an, apá kejì lórí èyí tó le níwọ̀nba, àwọn oníwọ̀nba ni tiwọn sàn jù. Tí tiyín ò bá tíì jin kòtò láàárín, ẹ fi í sílẹ̀.

Oògùn inú nylon yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa dà síbẹ̀ mọ́. Àwa tá à ń rí i, diclofenac tó ń pa ìrora, àti prednisolone tàbí dexamethasone tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, ni wọ́n sábà máa ń kó pọ̀. Ó máa ń tuni lára lóòótọ́, ó sì tún máa ń dá ọgbẹ́ sínú, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́ tó bá pẹ́. Kẹ́ ẹ sì má rò pé màá ní kẹ́ ẹ máa mu paracetamol dípò ẹ̀, wọ́n dán an wò ní Ọsirélíà, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2014, àwọn tó lò ó àtàwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, ìgbà kan náà ni ẹ̀yìn wọn yá.

Dẹ́rẹ́bà_Ìyànà:

Físíò ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ̀ ń ké yìí, àwa tá a di stíárìn mú ńkọ́ 😂 Ìyànà Ìpájà sí Òṣòdì ni mò ń ná, ìdí ẹ̀ńjìnnì wà lábẹ́ ìjókòó mi ó ń gbóná, kílọ́ọ̀ṣì le, ẹsẹ̀ òsì ò sinmi. Àmọ́ ohun tí físíò sọ nípa àníyàn yẹn, mo fọwọ́ sí i, torí mo ti kíyè sí i tipẹ́. Mọ́tò yìí kì í ṣe tèmi, dẹlífárì, ìyẹn owó onímọ́tò, ni mò ń san lójoojúmọ́, òjò rọ̀ o oòrùn ràn o. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ fi epo sí i, ẹ fi owó àgbèrò sí i, kí ló kù? Ọ̀sẹ̀ tí mo bá jẹ onímọ́tò lówó, ẹ̀yìn mi mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá san án tán, títì yẹn náà ni, kòtò yẹn náà ni, ara mi a fúyẹ́.

Ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ síta ni pé àwọn ọmọkùnrin wa ní gáréèjì, tramadol ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú bíítà inú sáṣẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìsinmi àìsàn fún wa, ọjọ́ tó o bá dùbúlẹ̀ o ò jẹun lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé èèyàn ò mọ̀ pé ó yẹ kóun sinmi. Èyí tó ran èmi lọ́wọ́ ò ju pé mo yọ pọ́ọ̀sì kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, torí ìdí kan ló ń gbé sókè ju ìkejì lọ, mo sì ká ìró ìyàwó mi tó ti gbó síbi kòtò ẹ̀yìn mi tí mo bá ń wakọ̀. Tí wọ́n bá wá ń kó èrò, mi ò kí ń sùn sórí stíárìn mọ́, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ rìn yí gáréèjì ká, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé mò ń wá owó tó sọnù ni. A tún dá èsúsú sílẹ̀, tí ara ẹnì kan bá dá a gúnlẹ̀ ó lè fi san owó onímọ́tò fún ọjọ́ díẹ̀.

Ìyá_Gàrí_Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kú ìrìn o. Gàrí la ń yan níbí, lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná la ti ń yan án, èèyàn á yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan látàárọ̀ torí èéfín, òmíì nínú wa tún gbé ọmọ pọ̀n. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ lẹ ti bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀, lẹ ti gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó ń wa mọ́tò ń ráhùn, ọkùnrin tó ń roko ń ráhùn, obìnrin tó bá ráhùn ni wọ́n ń pè lọ́lẹ.

Ohun tá a ṣe ni pé a dáwó jọ, a mọ ààrò ga, ní ìdúró la fi ń yan gàrí báyìí, èéfín sì ń gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ó yàtọ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Àwọn àgbàlagbà wa kan ṣì kọ̀, wọ́n ní gàrí tí wọn ò bá jókòó yan kì í dùn.

Adùnni ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní. Nílé yín níbẹ̀, ta ló ń fami?

Tèmi_Leeds:

Ìyá mi ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂😂 ìbéèrè yẹn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibí fún yín torí àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti dé òkè òkun, ẹ̀yìn ò ní dùn wọ́n mọ́. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Òfin wà níbí láti ọdún 1992 lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe máa gbé nǹkan, wọn kì í jẹ́ kó o fi agbára gbé èèyàn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé wọn, ẹni méjì ló máa dúró tì í. Símẹ́ńtì gan-an, báàgì 25 kílò ni wọ́n ń tà níbí, 50 kílò tí ọmọ lébìrà ń gbé sórí gun àtẹ̀gùn nílé ni mo wá ń rántí. Mo ní òfin wà o, àmọ́ tí wọn ò bá pé níṣẹ́ lóru, tí arúgbó fẹ́ lọ sílé ìgbẹ̀, ṣé wàá ní kó dúró de ẹnì kejì tí kò sí?

Síbẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yìn mi dùn jù kì í ṣe ìgbà tí mo gbé èèyàn jù. Ìgbà tí mò ń san owó ajẹ́ǹtì ni, tí mò ń ṣiṣẹ́ òru tí mo tún ń gba ti ọ̀sán mọ́ ọn, tí mi ò mọ ẹnì kankan ládùúgbò, tí àwọn ará ilé sì ń pè pé kí n fowó ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí físíò wọn, nǹkan tó kọ́kọ́ bi mí ni báwo ni mo ṣe ń sùn, ta ni mo ní níbí. Inú bí mi, mo ní ṣé ẹ̀yìn ni mo gbé wá àbí ẹjọ́. Kò fún mi lábẹ́rẹ́, kò ya fọ́tò kankan, ó ní kí n máa rìn kí n má sì bẹ̀rù láti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀ ni ṣá, ìgbà tí mo sì rí àwọn ọmọ Yorùbá bíi mélòó kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá yára.

AdùnniMòwé:

Háà, mo mọrírì gbogbo yín o. Físíò, mo dúpẹ́, gbogbo ìbéèrè yẹn rárá ni, ìtọ̀ mi ń ṣe déédéé, kò sí ibà, mi ò rù (kí Ọlọ́run jẹ́ kí n tiẹ̀ rù díẹ̀ 😅).

Ìyá Gàrí, èmi ni mò ń fami. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, òun náà ń pẹ́ dé, àmọ́ tó bá dé kí n tó dé, orí àga ló máa ń wà tí n bá wọlé. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn sí i létí lánàá, ó dákẹ́, láàárọ̀ yìí mo bá dúrọ́ọ̀mù tó kún. Ẹ máa bá mi ṣọ́ ọ, kó má jẹ́ torí pé mo ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí nìkan ló ṣe ṣe é.

Àmọ́ físíò, ọ̀rọ̀ rírìn tí Tèmi sọ yìí, nígbà wo? Mòwé lóru, kò síná lójú títì, àwọn ọmọ ìta wà. Láàárọ̀ òkùnkùn ni. Ó rọrùn láti sọ ní Leeds.

FísíòÌbàdàn:

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí la máa ń sọ "ẹ máa rìn" fún ẹni tí kò ní wákàtí kan tó jẹ́ tiẹ̀. Àmọ́ mo fọwọ́ sí ohun tí Tèmi sọ torí ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lágbára. Ní Ọsirélíà wọ́n mú èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, wọ́n ní kí apá kan máa rìn, kí wọ́n máa fi kún un títí á fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, físíò sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ò sọ nǹkan kan fún apá kejì. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2024. Tá a bá mú ẹni tó wà láàárín níhà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 208 ló gbà kí ẹ̀yìn dídùn tó padà sí àwọn tó ń rìn lára, ọjọ́ 112 fún àwọn tí kò rìn. Rírìn lásán o, kò sí jíìmù, kò sí ẹ̀rọ.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rìn ín. Tí wọ́n bá fún yín láyè oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má jókòó sídìí kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ jáde síta VI yẹn, ojúmọ́ ti mọ́, èèyàn wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gba fóònù ẹ dìde. Níbi tí ọkọ̀ ti dúró pa ní Kàrá, ẹ máa tẹ ìdí yín sọ́tùn-ún sósì, ẹ fi àpamọ́wọ́ sẹ́yìn kòtò ẹ̀yìn, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀. Kékeré ni, mo mọ̀.

Èyí tó tóbi ni ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ àkáǹtì gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa pẹ́ dé kẹ́ ẹ sì pẹ́ lọ nígbà tí ọ̀nà ti tú. Ẹ má lọ fi "ẹ̀yìn ń dùn mí" béèrè níwájú ọ̀gá yẹn o, ẹ ti sọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ fi gba ọ̀dọ̀ àwọn HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ká fiṣẹ́ sílẹ̀ láìní òmíì lọ́wọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí àìlówó náà ń dá kún ẹ̀yìn dídùn, gẹ́gẹ́ bí dẹ́rẹ́bà ṣe sọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí físíò rí yín lójúkojú, OOUTH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ṣàgámù, ò jìnnà sí Mòwé. Ní apá Èkó, ọsibítù eegun ti Ìgbóbì wà, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀ lọ́dún 1945, LUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Èkó, náà wà ní Ìdí-Àràbà. Tí ọ́fíìsì yín bá ní HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, ẹ bi wọ́n bóyá físíò wà nínú ohun tí wọ́n ń san, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí wọn ò mọ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Ìyànà:

Èmi kò ní HMO, físíò, àwa ńkọ́?

FísíòÌbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ìpínlẹ̀ ní ètò ìlera adójútòfò tiwọn, Èkó ní tiẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ lè wọlé. Ẹ gbé e dé ìpàdé èsúsú yín, kẹ́ ẹ jọ lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń lo tramadol yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró lójijì tó bá ti pẹ́ lára wọn, ó máa ń bá èèyàn jà. Kí wọ́n rí dókítà.

BàbáOlóyè_Ẹ̀gbá:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì gbà pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Físíò, orúnkún ńkọ́? Ọ̀tún ló ń ro mí tí n bá fẹ́ wólẹ̀ kírun.

FísíòÌbàdàn:

Ẹ ṣí tiẹ̀ lọ́tọ̀ sà, kó má di àdàlù mọ́ ti àǹtí. Ẹ kọ ọjọ́ orí yín sí i, ẹ kọ bóyá ó máa ń wú, bóyá ẹ ń gun àtẹ̀gùn nílé, àti irú àgbo tẹ́ ẹ ti lò sí i.